Ojúlé Tí Mo Dín Nínú Ìwé Onílà Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira, mo sì kí ẹni inú ikùn rẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì mojú ara wa. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ nínú òkùnkùn ibẹ̀ yóò ṣọ́ ìwọ tó ń gbé e kiri. Bá mi kí ọkọ rẹ. Àlàáfíà la wà níbí. Òrùlé yàrá ìránṣọ mi tó ń jò ti dákẹ́, kì í ṣe pé a tún un ṣe o, òjò ni kò rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ ń ṣe dáadáa, eyín kan ṣoṣo tó ní ṣì mú ju gbogbo eyín bàbá rẹ lọ.

Mo rí ìwé tí o kọ. O bèèrè pé kí ló dé tí ìgò dúdú kékeré tí o kó wá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò fi tíì tán, ìyẹn ìgò omi nikotíìnì, nígbà tí àwọn ìgò yòókù ti tán. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ bóyá bàbá rẹ ti padà sídìí sìgá oníná àtijọ́. Kò padà o. Fọkàn balẹ̀, kí n ro ẹjọ́ ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi, bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ fi fa sìgá lórí àkàbà, tó ń fi ọwọ́ kan kun ilé onílé, tó ń fi èkejì mú sìgá. Nígbà tí oyún rẹ hàn, o sọ fún un lójú mi pé kò ní gbé ọmọ rẹ títí sìgá yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí ńṣe ló bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó lọ ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí. Ni o bá ra sìgá oníbátìrì fún un, o kó àwọn omi rẹ̀ wá, o sì fi kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́ sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìwé onílà inú rẹ̀ tó ń ṣírò fúnra rẹ̀, tí o ń pe ààyè nọ́mbà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojúlé, pé èmi tí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n ni kí n máa pò ó. O ní oṣooṣù ni ìwé náà yóò máa dín nikotíìnì kù fúnra rẹ̀, tí yóò fi kan òdo lọ́jọ́ tí o bá bí.

Mo ń ṣe é bí o ṣe kọ́ mi. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo á kọ iye tí mo fẹ́ pò sí ojúlé àkọ́kọ́, ìwé náà á sì sọ iye omi lásán, iye adùn èso àti iye nikotíìnì tí n óò fi ṣíríǹjì fà. Kí n má parọ́, n kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó yá jù. Ẹni tí a bi ní ìṣirò tó dáhùn láìwòkè, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣírò sẹ́yìn páálí òwú, ó sì pé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ mímọ́ bò ó tí mo bá lò ó tán, kí eruku má baà bà á nínú jẹ́.

Wàyí o, ní oṣù kejì, mo ń wo ojúlé nikotíìnì, ó sì ń bí mi nínú. Nọ́mbà tín-ín-tín kan ló ń gbé inú ààyè gbọọrọ. Mo gbé tépù lé ojú kọ̀ǹpútà, íǹṣì kan àtààbọ̀ gbáko. O mọ ìyá rẹ, n kò lè rí aṣọ tó gbé èèyàn mì kí n dákẹ́. Ọfà kékeré tó ń rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà ṣàdédé di olórí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pààlà ojúlé náà, mo fà á, ìlà náà tẹ̀lé mi, mo wá ń dín in díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ra. Àfi bí nọ́mbà náà ṣe pòórá tí àmì bo ojú ibẹ̀, òró méjì, ìbú méjì, léraléra, gẹ́lẹ́ bí irin tí wọ́n ń fi sí fèrèsé kí olè má baà wọlé.

Mo ronú sí i. Mo ní ìwé tó mọ ìṣirò tó báyìí kò lè ṣe nǹkan lásán, ìwọ náà ṣáà ti sọ pé yóò dín in kù fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ó ti tilẹ̀kùn nikotíìnì nìyẹn, pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo dé ìgò dúdú pa, mo gbé e sẹ́yìn àpótí bọ́tìnnì lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo sì ń fi omi lásán dí àlàfo rẹ̀. N kò sọ fún bàbá rẹ, kò sì bi mí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Ó ń kanra mọ́ àga. Ó kun ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ mẹ́rin, ó kun férémù dígí mi mọ́ ọn, ó sì ní mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ pariwo. Mo rò pé iṣẹ́ tí kò wọlé ló ń dà á láàmú. Lẹ́yìn náà ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ikọ́ tó máa ń jí aládùúgbò wa kí aago rẹ̀ tó dún lọ díẹ̀díẹ̀, aládùúgbò náà sì ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ̀gùn tí bàbá rẹ máa ń sinmi lórí rẹ̀, ó gbé ike ọ̀dà méjì gùn ún láìdúró. Ó wá ń yin omi náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ọmọ òun tó mọ̀wé ló ṣe é, pé ó le débi pé díẹ̀ ti tó òun lóòjọ́.

Nígbà tí o bèèrè ìgò dúdú, ọ̀rọ̀ irin náà wá sí mi lọ́kàn. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ òpópónà wa, èyí tí à ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Ó wo irin náà, ó fi ìka kan fa ìlà sẹ́yìn, nọ́mbà sì jókòó síbẹ̀ kedere. Ó ní kò sí òfin kankan níbẹ̀, pé àyè ló há mọ́ nọ́mbà, kò ríbi nà sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ oníbàárà mi.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti fi ń po ohun tí o kò ní kí n pò. Mo dìde pé kí n lọ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Mo bá a lórí àkàbà nínú yàrá kékeré tí ìwọ àti ọmọ yóò sùn, ó ń kun àjà, ó ń kọrin, ó sì ń kọ ọ́ dópin láìmí hẹlẹ. Sìgá oníbátìrì rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti àná. Ó bi mí bóyá àwọ̀ yìí kò ní ta ọmọ lójú. Mo ní kò ní ta á. Inú mi dùn débi pé n kò sọ ọ̀rọ̀ tí mo bá wá mọ́. Mo padà sí yàrá mi, Má-Fọwọ́-Kàn-Án ti lọ, mo di ọfà náà mú, mo sì dín ojúlé náà padà, mo fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Bí bàbá rẹ bá gbọ́ pé adùn èso lásán ni òun ń fà, ó lè bínú padà sídìí oníná. Bí o bá dé, jọ̀wọ́, má tú ojúlé yẹn. Ọjọ́ tó bá gbé ọmọ rẹ tán ni kí a sọ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Má ra ìgò dúdú mọ́. Owó tí ò bá fi rà á, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra aṣọ rírọ̀ yáàdì mẹ́rin fún ọmọ, kí o fi díẹ̀ lé e fún aṣọ oníbàárà tí Má-Fọwọ́-Kàn-Án jókòó lé, torí irin tó fi ń tú fóònù wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa aṣọ náà ya.

Ìrọ̀rùn ni wàá fi bí. Ọ̀nà yóò fẹ̀ gbàgàdà fún ẹni tó ń bọ̀, tirẹ̀ nìkan ni n kò ní kí ẹnikẹ́ni dín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ránṣọ dè yín.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé ni bàbá rẹ wọlé. Ó ní kí n kí ọ, pé kí o má ṣe yí ìwọ̀n omi náà padà, eléyìí gan-an ló bá òun lára mu. Ó tún ní kí n gbé ìgò dúdú kúrò lẹ́yìn àpótí bọ́tìnnì, pé ọwọ́ ọmọ tó bá ń rákò yóò tó o níbẹ̀. N kò sì tíì sọ fún un rí pé ìgò kan wà níbẹ̀.