Ìrìn Àárọ̀ Màmá àti Ẹ̀gbọ́n Samson

Ojúlé Kejìlá, Òkè Ọjà,
Aramọkọ-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2024.

Àǹtí Bùsọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù òjò yìí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìbàdàn, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ? Orúnkún tó ń dun Màmá yín ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ rántí bí ìyá mi ṣe máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó, tí yóò tún yà kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ kó tó wálé. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Samson kọ́ ilé tuntun yìí parí, ó ní ìyà ti tó. Ó gba ọmọ-ọ̀dọ̀ kan, Blessing, ó sì pàṣẹ pé Màmá kò gbọdọ̀ pọn omi mọ́, kò gbọdọ̀ lọ sí oko mọ́. Ìfẹ́ ni. Gbogbo wa la yìn ín. Bí Màmá bá ti jí, àga ló ń jókòó sí, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni alẹ́ sì ń lẹ́ bá a.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ó ń bi mí léèrè ìgbà tí bàbá wa máa ti oko dé, bàbá tí a ti sin tipẹ́. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní àrùn ọpọlọ tó máa ń bá àgbà ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ìjókòó nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n kí àgbà máa rọra rìn, kó máa na apá na ẹsẹ̀, kó sì máa rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, a máa ran ọpọlọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìrìn kò ní dá èyí tó ti lọ padà, àmọ́ ó lè bá wa di èyí tó kù mú."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Samson lórí fóònù, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ti Àbújá dé, kò sì tíì padà. Láràárọ̀ ló ń di Màmá lọ́wọ́ mú, wọn á rọra rìn yí pápá ilé ìwé ká, wọn á sinmi lábẹ́ igi, wọn á tún dìde. Màmá ti ń sùn dáadáa báyìí. Ó ti ń kọrin. Ó tilẹ̀ ń pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n kò mọ Ẹ̀gbọ́n Samson.

Lánàá, mo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Màmá dúró, ó wò ó lójú, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Bí ẹ bá rí ọmọ mi Samson, ẹ má sọ fún un pé mo jáde. Yóò ní kí n lọ jókòó. Kò fẹ́ kí ìyà jẹ mí rárá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò ní sọ fún un, mà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún okùn bàtà Màmá so, wọ́n sì ń lọ. N kò lè tẹ̀lé wọn mọ́. Orí òkúta kan ni mo jókòó sí, mo sunkún.

Àǹtí, nígbà tí ẹ pè mí kẹ́yìn, ẹ ní ẹ ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Màmá yín, pé ó ti dàgbà kọjá kó máa gbálẹ̀ àgbàlá. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà fún un. Bí ilẹ̀ náà kò bá tilẹ̀ mọ́ tó, ẹ jẹ́ kó máa gbá a. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò yẹ kó kan ilé méjì nínú ẹbí kan. Ẹ sì máa bá a rìn, nísinsìnyí tó ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ bá mi kí Kọ́láwọlé àti ìyàwó rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Florence.