Ẹní Mi Nínú Ọkọ̀ Kápútéènì

Àbúrò mi Màríàm,

Mo kí ọ, tọkọtọmọ. Orúnkún mi ti sàn díẹ̀.

Àbdùlhàmíd ọmọ mi háyà mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì tí èèyàn lè sùn sí, ó sọ ara rẹ̀ di kápútéènì, a sì lo òpin ọ̀sẹ̀ létí òkun ní ìlú Balbriggan níbí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dùn. Àmọ́ ní Sátidé, kápútéènì yí ọkọ̀ padà kí wáyà iná lè dé ibi tí wọ́n ti ń fa iná, kò sọ fún mi. Èmi ò ṣí ẹní ìkírun mi, tí mo ti tẹ́ kọjú sí kíbílà, nípò; mo ń kírun lọ, títí Nusaibah ọmọ rẹ̀ fi ṣí kọ́tìnnì:

"Grandad, ilé ọtí lẹ kọjú sí!"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù pé ọkàn ni Ọlọ́run ń wò.

Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀. Jọ̀wọ́, sọ fún ẹni tó fẹ́ háyà yàrá mi pé mo ń bọ̀ wálé. Ọlọ́run á dá wa sí. Bá mi tẹ́ ẹní ìkírun sí yàrá náà, síbi tó máa ń wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hussein