Tábìlì Kẹrin Lábẹ́ Igi Ọsàn

Mo ti jẹun lórí yín, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ mọ̀.

Yèyé mi ọ̀wọ́n, ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ kú ibẹ̀ o. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹ ò lè dá àdúgbò yín ní Ìkọ̀lé mọ̀ mọ́. Látìgbà tí àwọn ọmọ yunifásítì ti kún ìlú ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, tí a máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sódò, ti di ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Irun àtọwọ́dá ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n so gílóòbù aláràbarà mọ́ òpó, wọ́n fín lọ́fínńdà sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kún fún ọ̀rá àti eegun adìyẹ. Ṣe ni mo bo imú kọjá.

Káyọ̀dé, àkọ́bí mi, tí ẹ fọwọ́ ara yín wẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i, ló ní kí n wá láti Ayédé. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ó jókòó sílé láìríṣẹ́, ó ń sọ pé òun máa gba aṣálẹ̀ lọ sókè òkun. Mi ò mọ bí mo ṣe ń sùn nígbà yẹn. Nígbà tó wá pè mí pé òun fẹ́ sọ ilé yín di ilé oúnjẹ, inú mi dùn débi pé mo ní kó ṣe iwájú ilé bó bá ṣe wù ú. Koríko tó hù síbẹ̀ ni mo rò pé ó fẹ́ ro.

Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n fi mí jókòó sí. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ń rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ ríire o! Tábìlì kẹrin yìí ni gbogbo èèyàn ń jà sí. Ó tutù ju inú ilé lọ."

Iyán náà ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ẹ̀rọ ló gún un, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Níwájú mi, ọmọkùnrin kan tu eegun sílẹ̀, pùú! Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń ya fọ́tò ẹran tí kò ní jẹ. Mo rántí yín. Bí a bá gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹ ó pariwo, "Wọ ulé jẹun!" Ẹ ó ti ìlẹ̀kùn, kí ẹni tó ń kọjá má bàa rí bí ẹnu wa ṣe ń lọ sókè sódò.

Mo ti gbé òkèlè kẹta mì kí n tó wo ìdí igi náà. Wáyà tí mo fi dè é nígbà tó ṣì kéré ṣì wà níbẹ̀, igi ti gbé e mì dé ìdajì. Èmi ni mo gbìn ín síbi orí yín, lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú. Ẹsẹ̀ tábìlì wà ní àyà yín. Ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́? Mo bì. Orí yín náà ni mo tún bì sí. Ẹ dárí jì mí.

Mo pe Káyọ̀dé sẹ́yìn ilé. Ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn: "Mọ́mì mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí? Màmá àgbà ò bínú jàre, àwọn ló ń pe kọ́sítọ́mà wá fún mi." Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo rí òkúta tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n ń ha ìdí ìkòkò lórí ẹ̀. Eérú àti ọ̀rá ti dí ìdajì orúkọ yín.

Mi ò lè nà án, ó ti di bàbá ọmọ. Bí mo bá sì ba ọjà rẹ̀ jẹ́, ṣé kò ní padà sórí ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ yẹn? Ó ń rí mi lára, Yèyé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní èmi ni mo ṣe é, kí lẹ ò bá ṣe fún mi?

Mo gbé òkúta náà wá sí Ayédé nínú búùtù ọkọ̀ takisí. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Orúkọ yín ti hàn, àmọ́ ó ṣì ń rùn bí ọbẹ̀ àná. Mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, a ó hú táìsì tí wọ́n lẹ̀ bò yín nídìí igi ọsàn, a ó dá òkúta yín padà, a ó sì mọ ọgbà kékeré yí yín ká. Káyọ̀dé kò tíì mọ̀. Àwọn tábìlì yòókù yóò ṣẹ́ kù fún un. Ṣé wọn ò tó o? Àbí ẹ fẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ẹ ti yó bí ẹran bá ku ẹyọ kan, mi ò mọ ohun tí ẹ máa wí.

Ẹ tètè kọ̀wé sí mi, lọ́nàkọnà tó bá wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì ṣú kí n tó rí i gbà.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní jẹun níta mọ́.