Yẹ̀pẹ̀ Tí Mo Ní Kí Ẹ Fi Ránṣẹ́

"Abẹ́ ilẹ̀ ni ìgbàlà aráyé wà." Ọ̀rọ̀ wòlíì kọ́ o. Múyìíwá, ọkọ Bọ́lá ọmọ mi, ló sọ ọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, ó na ṣíbí sókè, ògì sì ń kán sórí ṣòkòtò rẹ̀.

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Kúnlé àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àwa Yorùbá níbí pẹ̀lú, bóyá ẹlòmíì tún wà tó fẹ́ béèrè yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ má bínú sí mi. Kúnlé ní láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé mo ní kí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ ilé ránṣẹ́ sí mi ni oúnjẹ ò ti wọ̀ yín lẹ́nu. Ó ní ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sin ín sí ni?" Mo wá rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín kú sí Kùmásì, tó jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ilé ni àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ wá gbà, kí wọ́n lè bù ú sí sàréè. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, èmi gan-an ò wò ó.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Owó epo já wálẹ̀ ní Canada níbí, ilé iṣẹ́ epo sì ní kí Múyìíwá máa lọ sílé. Kò jókòó gẹlẹtẹ. Ó ń bá àwọn kan ní yunifásítì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ń wá oògùn nínú ilẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ bíi bíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò parọ́. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú ò lè rí. Bí wọ́n bá ń du oúnjẹ, wọ́n máa ń tú oró tó ń pa kòkòrò mìíràn. Oró yẹn ni wọ́n fi ń ṣe oògùn. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí ẹ máa ń tú dà sójú egbò wa, inú ilẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti wá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Bàámi nígbà tí ikọ́ ife ń ṣe wọ́n, ibẹ̀ náà ni. Kódà òórùn ilẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí ẹ máa ń pè wá síta pé ká wá gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Àmọ́ àìsàn ti ń mọ ọwọ́ àwọn oògùn àtijọ́, ni wọ́n ṣe ń wá tuntun kiri.

Snow ti bo gbogbo Cornerstone, àdúgbò tí à ń gbé, nígbà náà, ilẹ̀ le bí òkúta, ṣọ́bìrì Múyìíwá kán síbẹ̀. Ló bá ní, "Mummy, ilẹ̀ ilé wa gbóná, ẹ bá wa béèrè." Èmi náà gbé fóònù. Ìgbà tí mo ránṣẹ́ tán ni àwọn ará yunifásítì wá sọ fún un pé òfin ò gbà kéèyàn kàn kó ilẹ̀ wọ Canada bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan la jẹun láìgbọ́ ìwàásù.

Nítorí náà, Màámi, ara mi le. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ dè mí. Kúnlé ní ẹ fọwọ́ ara yín bu yẹ̀pẹ̀ náà lábẹ́ igi ọsàn, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kò ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á padà sídìí ọsàn.

Oṣù díẹ̀ ni mo ní mo fẹ́ lò nígbà tí mò ń dágbére. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì Bọ́lá nìkan ló ń bọ́ ilé báyìí, agbára daycare ò sí, ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ wà. Mò ń sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn pé, "Okay, Grandma." Bí mo bá ń fi ìpara pa wọ́n lára, mo máa ń rò ó pé ta ló ń fi òrí pa orúnkún yín. Mo ti fi àlàyé kòkòrò kún lẹ́tà yìí, ẹ sì mọ̀ mí: bí mo bá ti ń ṣàlàyé jù, ohun kan wà tí mi ò fẹ́ sọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Àárẹ̀ ò ní mú yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Ẹlẹ́kọ ọ̀ọ́kán, ẹ kí àwọn ọmọ Kúnlé. Bọ́lá, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ ní kí n kí yín.

Èmi ni ọmọ yín, Àṣàkẹ́, tí ẹ ní kí Kúnlé bi pé: ìgbà wo lò ń bọ̀?