Àwọn Gbólóhùn Aláìsàn Tíṣà Benjamin

Ilé Màmá Martha,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.
17 Oṣù Kẹta, 1994.

Adétáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìlọrin? Bàbá ńkọ́? Mo gbọ́ pé orúnkún ń dùn wọ́n nígbà ọyẹ́. Mo retí pé ooru tó dé yìí ti bá wọn lé e lọ. Màmá ńkọ́, ṣé ọjà ń tà? Adétutù àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá gbogbo ilé jà bí wọ́n bá fẹ́ di irun fún un? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Má bínú pé o kì í rí lẹ́tà mi àfi bí ọ̀ràn bá dé. O mọ̀ mí, n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀rù ń bà mí, Adétáyọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o lè mọ̀ pé n kò ṣàwàdà. Èmi tí ẹ máa ń pè ní olóríkunkun, tí mo máa ń bá àwọn àgbà jiyàn lójú ọ̀nà oko, n kò lè jẹ oúnjẹ kan tán láti ọjọ́ Ajé. Bí alùpùpù bá ti dúró níwájú ilé báyìí, àyà mi á já.

Inú ìdánwò ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, iléeṣẹ́ ìjọba kan níbí ní òun fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ akọ̀wé. Àwa mẹ́ta la wá láti abúlé wa: èmi, Lois ọmọ Bàbá Káfíńtà, àti John tí ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Èrò pọ̀ bí eéṣú nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì fọ́n wa káàkiri. Lois wà lẹ́bàá fèrèsé níwájú, John wà lẹ́yìn pátápátá, èmi wà láàárín àwọn ọmọ Mopa tí n kò mọ̀ rí. Ìdánwò èdè Òyìnbó ni. Wọ́n kọ àwọn gbólóhùn sílẹ̀, wọ́n ní kí a wo èyí tó ní àṣìṣe, kí a tún un kọ bó ṣe yẹ. Èyí tí kò bá ní àṣìṣe, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ta ló tún mọ irú èyí ju àwa ọmọ Tíṣà Benjamin lọ?

O kò lè gbàgbé. Láràárọ̀, kí ó tó pe orúkọ wa, Tíṣà á kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, á wá káwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì á pariwo, "Ó ń ṣàìsàn, sà!" Òun náà á ní, "Ta ni dókítà?" Ẹni tó bá nawọ́ á gba ṣọ́ọ̀kì, á lọ wo gbólóhùn náà sàn, gbogbo wa á sì máa fi í kọrin títí a ó fi jáde lọ ṣeré. Ìyá mi tí kò mọ A ní ojú máa ń kọ ọ́ nídìí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ìwọ tẹ̀lé bàbá rẹ lọ sí Ìlọrin kí a tó dé kíláàsì kẹrin, níbi tí gbólóhùn gígùn ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i báyìí pé ìyẹn ló yọ ọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán ọlọ́kadà kan wá pè wá. A rò pé wọ́n ti gbà wá ni. Ìyá John pa adìẹ. Lois di irun tuntun. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Rhoda, òun ni ọ̀gá ìdánwò náà, tẹ́ ìwé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Ọlọ́pàá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fìlà lé orúnkún.

Obìnrin náà kò kí wa. Ó ní, "Ta ló ta ìdáhùn fún yín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé wa síta. Ó ní òun kọ "We discussed the matter," gbólóhùn tó pé pérépéré, òun fi dán wa wò ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ti "about" bọ àárín rẹ̀. Ó ní òun kọ "one of my friends," àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fa "s" ìparí rẹ̀ tu. Ó ní òun kọ "I saw him yesterday," àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yí "saw" rẹ̀ sí "have seen." Bẹ́ẹ̀ ló ń kà á lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó ní àwọn tó kù náà ṣe àṣìṣe, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa nìkan ló jọra bí ìbẹta.

Lois kò lè pa ẹnu mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bó bá jẹ́ pé a jí ìdáhùn, ṣé èyí tí kò dáa la ó wá jí?"

"Olè tí kò mọ ojúlówó ọjà, olè náà ni," ni Ìyáàfin Rhoda dá a lóhùn.

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. John ní òun fẹ́ tọ̀.

Adétáyọ̀, níbi tí ó ti ka ti "s" yẹn, ohùn Tíṣà ni mo ń gbọ́ létí mi. "Ṣebí ọ̀kan ni? Ọ̀kan ṣoṣo! Kí ni 's' wá ń wá níbẹ̀?" A máa ń fi "s" náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí àlejò tó wá jẹun níbi tí wọn kò pè é sí. Ó yé mi pé kò sẹ́ni tó ta ohunkóhun fún wa. Láti kékeré la ti ń gbé e kiri lórí.

Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀ràn tán lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè pé ta ni tíṣà náà. O sì mọ ohun tó ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ wá kúrò lára Kwara, tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, wọ́n ń yẹ àwọn tíṣà àtijọ́ wò káàkiri. Ẹni tí wọ́n bá ní kò kún ojú òṣùwọ̀n, ilé ló ń lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò ṣe rí. Tíṣà Benjamin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun náà ló sì gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ejò bù mí jẹ, tí ó tì mí dé títì, tí ó bẹ ọlọ́kọ̀ igi kan títí ó fi gbé wa dé ọsibítù Egbe. Bàbá mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi dárúkọ ọkùnrin yẹn níwájú ọlọ́pàá?

Mo já Lois léèékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mà, kò sẹ́ni tó ta nǹkan fún wa. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Orí rẹ le o. Ó dáa. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ mú ẹni tó fún yín ní ìdáhùn wá síbí. Bí ẹ kò bá mú un wá, ọ̀gá ọlọ́pàá yìí ni yóò máa bá yín sọ̀rọ̀. N ó sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ dé Lókọ́ja, kí ọ́fíìsì kankan má baà gbà yín mọ́."

Nígbà tí a jáde, èmi àti John fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lójú títì. Ó ní bí wọ́n bá ti òun mọ́lé, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò pa bàbá òun. Mo ní kí ó tó dárúkọ Tíṣà, yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Lois bọ́ sáàárín wa. "Ẹ jà dáadáa o, kí ọlọ́pàá lè wá kó èyí tó bá ṣẹ́ kù." Òun ló ní kí a lọ sọ fún Tíṣà fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n rán.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lóko ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó ti ń fi ewé bo orí ebè iṣu kí oòrùn má baà sè é. "Okun o, dókítà mi," ló wí. Mo sọ fún un pé wọ́n ní a jí ìdáhùn nítorí pé tiwa jọra. Ó ní kí n pe ohun tí a kọ. Mo pè é. Adétáyọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ́ mú. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ lẹ gbà! Kò sí èyí tí ẹ pàdánù! Nítorí pé ọmọ abúlé mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe ní ó jalè? Mò ń bọ̀ ní Kabba. Èmi fúnra mi ni n ó dúró níwájú wọn, n ó sì wo gbólóhùn yẹn sàn lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ohun tí mo mọ̀, n kò lè sọ ọ́. Mo kàn bá a kó ewé.

Lánàá ló bá wa wọ ọkọ̀ wá síbí. Ó gbé kóòtù dúdú tí ó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìkórè lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, ó sọ fún gbogbo èrò pé ọmọ òun ni wá, pé ìwé là ń mọ̀ jù tí wọ́n fi ń fura sí wa. Ó ní kí a kọ orin kan fún wọn. John ló dá a. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, àwọn èrò rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi kàn ń wo igi bí wọ́n ṣe ń sá sẹ́yìn. Mo ń rò ó pé ọwọ́ ara wa la fi ń fa ọkùnrin yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò fọ́ ọ.

Mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀ yìí. Ó jókòó nínú àgbàlá Màmá Martha tó gbà wá sùn, ó ń kun bàtà rẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn wa kò tọ́."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Gbogbo èyí tí a fi kọrin, sà."

Kò gbójú sókè. Ibì kan náà lára bàtà yẹn ló ń kùn. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí ti ọ̀rẹ́, mo ní àwọn ọ̀rẹ́ náà ní láti pọ̀ kí èèyàn tó lè mú ọ̀kan láàárín wọn. Ó gbé bàtà sílẹ̀.

"Àwọn ọ̀rẹ́ ló pọ̀," ló wí. "Hẹ̀n-ẹ́n." Ó ká aṣọ tó fi ń kun bàtà. "Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọ, Olúmidé. Gbogbo yín."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọkọ̀ padà sílé, pé ọ̀dọ́ ni wá, a ó ru ẹ̀sùn náà. Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ọmọ tó pẹ́ dé.

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?"

"Wọ́n ní kí a mú ẹni tó fún wa ní ìdáhùn wá, sà."

"Ó dáa. Èmi ni mo fún yín."

Bó ṣe dìde nìyẹn. Lois ló bá a de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. Màmá Martha tí kò mọ ohunkóhun yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, Tíṣà! Ẹ mà dà bí ọkọ ìyàwó!" Tíṣà sì dúró, ó tẹríba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún rèé. Gbé lẹ́tà yìí fún bàbá rẹ kí ó kà á. Ọ̀gá ni wọ́n jẹ́ fún Tíṣà nígbà Kwara, wọ́n mọ̀ pé Tíṣà nìkan ló gbà láti wá sí abúlé wa nígbà tí ilé ìwé náà kò tíì ní òrùlé, tí àwọn tíṣà tó kù ń sá. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá sí Kabba wá sọ ọ́. N kò ní kí wọ́n wí pé kò ṣàṣìṣe. Ó ṣe é. Kí wọ́n wá sọ ìyókù, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ níbẹ̀ bí kò ṣe àwa mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní olè.

Bá mi kí Màmá. Bá mi kí Adétutù, sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí wọ́n di irun rẹ̀. Lois ní òun ń kí ọ, John náà. Awakọ̀ Ìlọrin ti ń fọn fèrè, òun ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán. Tíṣà kò dúró de ọ̀kadà. Ó ti wà lójú títì, ó ń rìn kíákíá níwájú wa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ó dá wọlé.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀,
Olúmidé.