Ilẹ̀kùn Ọmọ Tó Tẹ̀lé Ẹyẹ Lọ

Akọ̀wé mi, ọmọ káfíńtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá ìwé. Ojú tí o fi ń kàwé kò ní fọ́, ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwé gíga yẹn kò ní yẹ̀. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a ò ríbi. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn. Ajá wa bí mẹ́rin sínú àpótí irinṣẹ́ mi, ayùn àyálò ni mo ń lò láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀ fún mi. O ní ilé ìwé yín ń kó àlọ́ gbogbo ayé jọ láti mọ ìtumọ̀ wọn, àti pé o ti kọ àlọ́ wa ti ọmọ tó tẹ̀lé ẹyẹ lọ síbẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kà á pé àwọn ará òkè òkun pẹ̀lú ń pa àlọ́ yẹn, pé níbì kan ẹja ni ọmọ náà tẹ̀lé, níbòmíràn ẹṣin ni, ara mi gbóná, mo rò pé wọ́n jí i ni. Mo lọ bá awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún mi, nítorí òun nìkan ló ń rìnrìn àjò nínú àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ mi, mo ní kó jẹ́wọ́. Ó búra pé bíréèkì ọkọ̀ òun ò tilẹ̀ jẹ́ kóun kọjá ìlú kejì. Mo tọrọ àforíjì. Mo wá rò ó pé bí ọmọ bá ń fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ náà, baba ibẹ̀ kò ní ṣàì ní àlọ́ kan tí yóò máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Kò sẹ́ni tó jí i.

Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tí ọ̀gá rẹ nílé ìwé kọ sísàlẹ̀ àlọ́ náà. Ó ní ní ti àwọn ará ibòmíràn, ọmọ náà padà wálé, tiwa nìkan ni kò padà, ìyẹn sì fi hàn pé àwa gbà pé ẹni tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Akọ̀wé, ìwọ ni. Mi ò bá ọ jà, mo mọ ibi tó ti wá. Orí èérún pákó lo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ inú àlọ́ bá ti ń kọjá òkè keje báyìí, ìwọ ti sùn lọ. Èmi ni mo ń gbé ọ wọlé. Láti kékeré rẹ, o ò gbọ́ ìparí àlọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ fi ohùn mi ránṣẹ́. Aránṣọ tẹ fóònù, ó ní kí n máa wí. Mo ní “Àlọ́ o!”, fóònù ò dáhùn “Àlọ̀!”. Mo tún un pè, ó dákẹ́. Aránṣọ ní òun á dáhùn, mo ní kì í ṣe òun ni mò ń pàlọ́ fún. Nítorí náà, nínú ohùn tí aránṣọ fi ránṣẹ́ sí ọ, bí o bá gbọ́ ibi tó pa lọ́lọ́ tí máṣíìnì ìránṣọ nìkan ń dún, èmi ni yẹn, mò ń dúró dè ọ́.

Fọ́ọ̀mù tí ilé ìwé yín ní kí n fọwọ́ sí ńkọ́? Wọ́n bi mí bóyá mo gbà kí wọ́n tẹ àlọ́ mi sínú ìwé tí wọ́n ń ṣe. Mo fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́ nítorí ìparí rẹ̀.

Gbọ́ ìparí náà nínú ìwé yìí. Ẹyẹ sọ fún ọmọ pé ó lè lọ wo ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kanlẹ̀kùn tí wọn ò tètè ṣí i, kó yíjú padà, kó má wá mọ́ láéláé. Baba rẹ̀ ò mọ̀ nípa èyí, ohun tó mọ̀ ni pé etí òun ti ń di. Ló bá yọ ilẹ̀kùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ dé, kò rí ohun tí yóò kàn, ó wọlé. Gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé káfíńtà ló wí bẹ́ẹ̀.

N ò ní gbà kí wọ́n tẹ ìwé yẹn bó ṣe wà. Kó lè dá ọ lójú pé mi ò ṣeré, mo ti yọ ilẹ̀kùn iwájú ilé wa láti àná. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, pé ewúrẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mo ní kó lé ewúrẹ́, kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, àárò rẹ ń sọ mí, etí mi ọ̀tún náà sì ti ń di.

Irin tó ń di ilẹ̀kùn náà mú ti dípẹtà, jọ̀ọ́ wá owó irin tuntun àti ti ìṣó fún mi. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù aránṣọ o. Ó ní owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun wà nínú rẹ̀, mo mì ín títí, n ò gbọ́ kí nǹkan kan ró. Mú un lọ́wọ́ bọ̀ fúnra rẹ, ọjọ́ tí o bá dé ni n óò gbé ilẹ̀kùn padà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, tìrẹ kò ní yàtọ̀. Ọ̀nà á là fún ọ, wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ. Bí o bá dé, máa wọlé bọ̀.