Má Tíì Wá Mú Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù Náà

Ilé Bàbá Jímọ̀,
Ẹ̀bá Ọ̀sà, Ìbẹ̀jú.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mujeeb ọmọ mi,

Àsàlámù àléíkùmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó wa Láídé le? Àwa náà wà níbí, mi ò ní parọ́ pé orúnkún ò dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì lè jókòó kọ lẹ́tà, ó yẹ kó dúpẹ́. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń gba ẹnu ọ̀nà wa sáré lọ sí ọgbà ilé-iṣẹ́ Free Zone kò ní pàdé ọkọ̀ rẹ, ohun tó o bá fọwọ́ mú kò ní bọ́. Àmín.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù tó o rà fún mi. Fóònù náà ló kọ̀wé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti kún. Mo pa á, mo gbé e sórí àpótí, mo jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ohun tó bá ti kún, tí èèyàn bá tún ń rọ nǹkan sí i, bíbẹ́ ló máa bẹ́. Nígbà tí mo tún tàn án, ó ní òun ṣì kún, mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí bàbá yín ń sọ sí i láràárọ̀ ni kò jẹ́ kó fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó wa a máa ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ gbọ̀ngbà kí gbogbo pálọ̀ lè gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pálọ̀. Bọ̀sún tó ń fi bọ́ọ̀sì ná Ajah ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo ti lẹ̀ ẹ́ dáadáa, tó o bá rí i pé wọ́n ti tú u, òun náà ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn géèmù àtijọ́ tó o ń kó jọ. Nígbà tó o sọ fún mi pé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn tí ẹ fi ń ṣeré lọ́mọdé, mo ní ó dáa, bóyá o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. O ní rárá, o ò ní í tà á. Mo ní ṣé ọmọ lo fi ń dúró dè ni, inú mi ti ń dùn, o ní rárá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. O wá fi fọ́tò wọn ránṣẹ́, mo rí bó o ṣe tò wọ́n sórí pákó, tó o fi ọ̀rá wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Láídé bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀, ó ní kò sí ibi tí àwọn máa gbé tẹlifíṣọ̀n kà mọ́. Nígbà tí mo sọ fún ọ, o ní bí wọ́n bá ṣe gbó tó ni owó wọn ṣe ń pọ̀ tó. Èmi gbà ọ́ gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi di áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi, àti rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ìkómọ rẹ, àti àga tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbọ́ pé o kó wọn dà nù. Mi ò bínú, mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń pinnu èyí tó gbó níyì àti èyí tó kàn gbó lásán.

Ó wá di ọ̀rọ̀ èyí tó o ní kí n wá nínú àjà. O ní géèmù bùọ̀dá mi. Mujeeb, o ò dárúkọ rẹ̀. Mi ò dá ọ lẹ́bi, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nígbà tí omi gbé Kàmál ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, o ò lè mọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, kí ojú mi tó là dáadáa, Bàbá Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín àti àwọn ọkùnrin ilé ti lọ sin ín. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n kó ẹní rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀. Wọ́n ní ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ tó bá kú ṣáájú ìyá kì í tún ṣe ohun tí à ń pè nínú ilé. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàmál fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ilẹ̀ mọ́, mo di Ìyá Mujeeb. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣì mí pè láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n wá ta ilẹ̀ ẹ̀yìn abúlé, tí mo gbọ́ pé ibojì ọmọ mi wà, mo bi Bàbá Jímọ̀ pé apá ibo ló wà nínú rẹ̀, ó ní apá ibo ni kí ni wà. Ìjọba mú fọ́ọ̀mù kan wá lásìkò yẹn fún gbogbo wa, ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo ní méjì. Ó ní mélòó ló wà láàyè, mo ní ìyẹn kọ́ lo kọ́kọ́ bi mí. Ó wojú mi, ó fi í sílẹ̀ ní méjì. Nínú gbogbo ìwé ìjọba, fọ́ọ̀mù yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn.

Abẹ́ àwọ̀n bàbá yín ni mo ti rí géèmù náà, nínú àpò ìrẹsì, ìyẹn ni wọn ò fi rí i kó lọ. Mo pe Lateef tó ń ṣe iná, ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fẹ́ atẹ́gùn sídìí kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rò pé àdúrà ló ń gbà sí i, mo ṣe àmín. Ó sì ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló jáde, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò ní ojú, kò ní ẹnu. Òkúta ń bọ̀ níwájú. Bó bá yẹ òkúta, nọ́ńbà á máa lọ sókè. Bó bá kọlù ú, ọkọ̀ á rì, ojú omi á pa lọ́lọ́, ẹ̀rọ náà á wá ní kí èèyàn kọ lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ rẹ̀.

Lateef ní kí wọ́n lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n etí omi ni wọ́n bí mi sí. Ní èbúté wa lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa wá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń dúró kí ọkọ̀ rì tán kí wọ́n tó béèrè orúkọ, mi ò gbà pé eré ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. KAM ló wà lókè, 5120. MUJ ló tẹ̀lé e, 2040. Ìlà kẹta ṣófo. Mo kà á fúnra mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé àgbà. Ọdún méjìlélógún, Mujeeb, mi ò rí orúkọ ọmọ mi kí wọ́n kọ ọ́ síbì kankan. Mo sunkún, mo sì pè é sókè, Kàmál. Lateef gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti kírun àsùbá tán, mo máa ń tàn án kí n lè kí i. Ọjọ́ kẹrin ni mo rí i pé nọ́ńbà MUJ ti kúrò ní 2040, ó ti di 2055. Mo rò pé ojú mi ni. Lọ́jọ́ kejì, ó di 2090, lẹ́yìn náà 2160. Èmi ni mo ń ti yàrá náà, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mọ́sálásí. KAM ò kúrò lójú kan o, 5120 ló wà, bí ẹni tó jókòó tó ń dúró de èèyàn. Ìwọ lò ń gòkè lọ bá a.

Ìyẹn ni mo ṣe pè ọ́ tí mo bi ọ́ bóyá ò ń gbá a. O rẹ́rìn-ín, o ní Màámi, ọwọ́ yín ni géèmù wà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n máa gbá a láti Ṣàngótẹ̀dó. O ní bátìrì kékeré kan bíi ti aago ọwọ́ ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà tó ń di àwọn orúkọ mú, ó ti ń kú lọ, bóyá òun ló ń jẹ́ kó máa ṣi nọ́ńbà kọ. O ní kí n fi rán Bọ̀sún kó o lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, àwọn orúkọ inú rẹ̀ á pa rẹ́ ṣùgbọ́n géèmù á le, o máa wá gbé e síwájú gbogbo àwọn yòókù lórí pákó. Mo rò ó. Tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ń kú, ṣé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń le sí i ni?

Ọjọ́ tó fò láti 2160 bọ́ sí 2900, mi ò lè mu ògì. Mo pe Láídé, mo kàn bi í pé kí lọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ní o ti kúrò nílé láti àárọ̀, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà ti sú ọ, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọ́fíìsì láti èbúté Ajah. Ìwọ, Mujeeb. Ìwọ tó o ṣèlérí fún mi pé o ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi láé. Mo ní ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ó dárúkọ ọjọ́ náà, mo wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tó di 2055 ni.

Mo lọ bá Bàbá Jímọ̀. Ó ní kí n ju ẹrù òkú náà sọ́sà. Mo ní orúkọ yín méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀sà tó ti gba ọ̀kan, ṣé èmi ni kí n tún fọwọ́ ara mi ju ìkejì sí i?

Ni mo bá ní kí Lateef kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Níbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á ti rì kí n tó fi dígí sójú. Mo ń bẹ òkúta pé ẹ dákun ẹ yà fún mi, bí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún èmi náà á yà sọ́tùn-ún, mo ṣubú lórí àpótí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wà jóná mọ́ mi lórí iná tí àwọn aládùúgbò fi ń pariwo. Lateef ní kò tíì sí àgbàlagbà tó ń bínú sí géèmù báyìí. Kò mọ ohun tí mò ń lé. O ti dé 3300 nígbà yẹn. Mo fẹ́ kọjá rẹ.

Ìjẹta tí í ṣe Àtàláátà, lẹ́yìn àsùbá, ọwọ́ mi dá ṣáká. Òkúta ń bọ̀, mò ń yẹ̀ ẹ́. Mo dé 3410 kó tó rì. Omi pa lọ́lọ́, ó ní kí n kọ orúkọ mi. Mọ̀nsúrát gùn jù fún wọn, mo sì mọ orúkọ tó yẹ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ I, mo tẹ Y, mo tẹ A.

Bó ṣe wà nìyí báyìí: KAM, IYA, MUJ. Mo wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀rù ò bà mí, Mujeeb. Bí wọ́n bá ń pe èèyàn létòlétò, èmi ló kàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kàmál ti gba iwájú mi kọjá nígbà kan tí mo sùn, kò ní í tún ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Láti Àtàláátà, tìrẹ ò kúrò ní 3300 mọ́. Tèmi ni mo wò láàárọ̀ yìí, ó ti di 3425. Mi ò fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn débi pé mo jẹ mọ́ínmọ́ín odindi méjì.

Nítorí náà, má wá mú un, má sì rán Bọ̀sún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ bátìrì kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ láti ilé pé kó o máa bọ̀, ọjọ́ náà ni kó o mú un, ogún rẹ ni, gbé e síbi tó bá wù ọ́. Kó o tó wá, má wọ ọkọ̀ ojú omi. Jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà Ajah títí di alẹ́, jókòó sínú rẹ̀.

Ní ti owó tó o fi sí báǹkì fún mi, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báǹkì. Mo débẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dán mi wò ni, mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sílé. Fi owó díẹ̀ rán Bọ̀sún sí mi lọ́wọ́, kí n fi ra bátìrì sólà, nítorí tẹlifíṣọ̀n yìí ń jẹ iná, mo sì gbọ́dọ̀ máa wò ó láràárọ̀. Fi ti dígí ojú kún un, èyí tí mò ń lò ti là.

Ọlọ́run á fún ẹ̀yin méjèèjì lọ́mọ. Ilé rẹ kò ní gbóná, ẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ ilẹ̀ gbígbẹ. O ò ní ṣáájú mi. Ìwọ ni o ó fi ọwọ́ rẹ sin mí, wà á sì mọ ibi tí mo wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀nsúrát.